Ìbọn inú fíìmù àti àwọn ọmọ tó ń wò ó: báwo la ṣe máa bá wọn sọ ọ́?

Olùkọ́ Ìsọ̀kùn (Iléṣà)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa fíìmù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọmọ títọ́, àti ẹ̀yin tí ọwọ́ yín mọ ìbọn gidi, gbogbo yín ni mo ń bi.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan níbí fẹ́ lo Sátidé mẹ́ta nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, wákàtí méjì-méjì. Àwọn ọmọ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ń bọ̀, ọmọ ọdún 13 sí 17, ọkùnrin ló pọ̀ jù. Wọ́n á wo fíìmù, a ó wá jọ sọ̀rọ̀ lórí ìbọn àti ìwà ipá inú rẹ̀. Àwọn ọmọ tá à ń wí yìí mọ orúkọ ìbọn ju orúkọ ewé ọbẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ń bára wọn ṣeré, ìka méjì ni wọ́n ń nà sí iwájú orí ẹlòmíì, wọ́n á ní "ó tán". Bínú bá bí wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀daràn inú fíìmù ni wọ́n ń sọ, tohùn-tohùn.

Ṣé òótọ́ ni pé fíìmù ń sọ ọmọ di oníwà ipá, àbí àwa àgbà la kàn ń wá ẹni tá a máa di ẹ̀bi rù? Irú fíìmù wo la lè lò? Ibo la ti máa dá a dúró, kí sì la máa bi wọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wa ní ìwàásù. Ìyẹn ò wọ́n ní Iléṣà.

Ẹ̀gbọ́n Ìrẹ̀mọ (Ilé-Ifẹ̀)

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè àkọ́kọ́, torí tẹ́ ẹ bá gbé e gba ibi tí kò yẹ, àwọn ọmọ yẹn á borí yín kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Wọ́n á ní, "Ojoojúmọ́ la ń wò ó, ta la pa?" Wọn ò sì purọ́.

Ní 1961, Albert Bandura àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford kó ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi 72 jọ. Àwọn kan nínú wọn rí àgbàlagbà tó ń lu ọmọlángidi rọ́bà, tó ń fi òòlù onígi kàn án lórí. Nígbà tó kan àwọn ọmọ láti ṣeré, ohun tí wọ́n rí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe, títí kan ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu àgbàlagbà náà. Ní 1963 wọ́n gbé e sínú fíìmù, àwọn ọmọ tún ṣe é. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún yín ni ti 1965. Àwọn ọmọ tó rí i nínú fíìmù pé wọ́n fìyà jẹ ẹni tó ń lù kò fi bẹ́ẹ̀ fara wé e. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún wọn pé kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n rí, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ti wà nínú orí wọn tẹ́lẹ̀. Ohun tí ọmọ rí pé ó gbẹ̀yìn ìwà kan ló ń sọ bóyá yóò hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ tàbí kò ní hù ú. Ẹ mú ìyẹn dání, a ó padà síbẹ̀.

Èyí tó kan ìbọn gan-an ni ìwádìí tí Kelly Dillon àti Brad Bushman gbé jáde ní 2017. Ọmọ 104 ni, ọmọ ọdún 8 sí 12, méjì-méjì. Wọ́n wo fíìmù fún 20 ìṣẹ́jú, irú èyí tí àwọn tó ń yẹ fíìmù wò ní Amẹ́ríkà gbà kí ọmọdé wò. Àwọn kan wo èyí tí ìbọn wà nínú rẹ̀, àwọn kan wo èyí tí wọ́n ti gé ìbọn kúrò. Lẹ́yìn náà wọ́n kó wọn sínú yàrá ìṣeré tí ìbọn ìléwọ́ gidi kan wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, èyí tí wọ́n ti sọ di aláìlè-yìn. Àwọn tó rí ìbọn nínú fíìmù dì í mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 53. Àwọn yòókù, nǹkan bí 11. Ogún ìṣẹ́jú péré ni wọ́n fi wo fíìmù o.

Ẹ má wá gùn ún kọjá ibẹ̀. Fífọwọ́ kan ìbọn nínú yàrá ìwádìí yàtọ̀ sí kéèyàn lọ jalè. Nínú ìwádìí tí Rowell Huesmann àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2003, wọ́n tún wá 329 nínú àwọn ọmọ Chicago tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ ní 1977 rí, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 15. Àwọn tó wo ìwà ipá jù ní kékeré ló máa ń na ọwọ́ jù lágbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, ṣùgbọ́n fíìmù kàn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun púpọ̀ ni. Àwọn onímọ̀ mìíràn, bíi Christopher Ferguson, ṣì ń jiyàn pé wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ yìí ju bó ṣe mọ lọ.

Èrò tèmi ni pé ìbẹ̀rù ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ju ìbínú lọ. George Gerbner, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó ń wo ìwà ipá lórí tẹlifíṣàn lójoojúmọ́ máa ń rò pé ìta burú ju bó ṣe burú lọ. Ọmọ tó bá gbà pé gbogbo ayé ló dìhámọ́ra dè é, òun náà á fẹ́ ní nǹkan lápò. Ibẹ̀ ni ìjàǹbá ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í fi ojú oníjàgídíjàgan hàn.

Ọmọ Mayfair (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà tán. Àwọn ará Jàpáàn ń wo fíìmù tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀ bí omi, ẹni tí ìbọn ń pa níbẹ̀ lọ́dọọdún kò sì tó nǹkan. Òfin ìbọn wọn le, ó parí. Àwọn tó ya wọ Awolowo Hall ní OAU lọ́jọ́ 10, oṣù Keje, 1999, tí wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún, ẹgbẹ́ òkùnkùn ló rán wọn. Nínú ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ láti 1997 sí 2000, ṣé fíìmù ló pín ìbọn? Bí Olùkọ́ bá kó ọmọ jọ tó ń bá wọn sọ fíìmù, tí olóṣèlú ń kó ohun ìjà fún wọn lẹ́yìn ilé, omi inú agbọ̀n ni.

Ẹ̀gbọ́n Ìrẹ̀mọ

Àbúrò, òótọ́ ọ̀rọ̀ lo sọ, èmi náà ò bá ọ jà. Ẹni tó ń pín ìbọn lọ̀daràn. Ohun tí fíìmù ń ṣe ni pé ó ti ń múra ọwọ́ tí yóò gbà á sílẹ̀. Ọmọ ọdún 17 tó jókòó sí Iléṣà lónìí, wọn ò tíì bí i nígbà tí ìjà tó o dárúkọ yẹn parí. Àgbà tó wà níbẹ̀ mọ bí ìbọn ṣe ń dún àti ohun tó ń fi sílẹ̀. Ọmọ yìí, láti inú fóònù nìkan ló ti mọ̀ ọ́n. Ìyẹn gan-an ni ètò Olùkọ́ lè tún ṣe.

Agéfíìmù Lágeré (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú àtàárọ̀ o. Gígé fíìmù àti títo ohùn ni mo mọ̀, ibẹ̀ ni n ó ti bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohùn. Ìbọn kan tẹ́ ẹ gbọ́ nínú fíìmù, ohùn mẹ́ta sí márùn-ún la tò léra wọn: èyí tó dún pàá níbẹ̀rẹ̀, èyí tó wúwo nísàlẹ̀ bí ìlù gbẹ̀du, èyí tó ń yí lọ lẹ́yìn bí àrá tó ń kọjá lókè, nígbà míì a ó fi ilẹ̀kùn irin tí wọ́n pa dé gbàgà kún un. Bí a bá fi ohùn gidi tí ẹ̀rọ gbà síbẹ̀, òǹwòran á ní báńgà Kérésì ni. Ìbọn gidi nítòsí máa ń dé 140 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Kò sí tẹlifíṣàn tó lè gbé e jáde, etí á sì máa hó yee lẹ́yìn rẹ̀. Ogun Kírìjì tí Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì bá Ìbàdàn jà láti 1877, ariwo ìbọn rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ wá bi àwọn ọmọ léèrè: nínú fíìmù, wọ́n á yìnbọn nínú yàrá kótópó, ẹnì kan ò ní di etí mú, wọ́n á tún máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbọ́ra wọn? Ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn kó má baà dún náà, nǹkan bí 20 sí 35 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ló ń mú kúrò. Èyí tó ṣẹ́kù ṣì ju ariwo jẹ́nẹ́rétọ̀ lọ fíìfíì. Ohùn "fíù" tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn, inú kọ̀ǹpútà la ti ń ṣe é.

Iná ẹnu ìbọn ńkọ́? Fíìmù tiwa máa ń lo àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iná yẹn kì í ju àwòrán kan tàbí méjì lọ, a máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya eré tán. Igi tàbí ike tí wọ́n kùn ní dúdú ló wà lọ́wọ́ òṣèré. Ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà tí wọ́n sè kó ki, pẹ̀lú àwọ̀ pupa àti díẹ̀ nínú kòkó kí ó má baà mọ́ jù. Wọ́n á rọ ọ́ sínú ọ̀rá kékeré, wọ́n á fi bíléèdì ha aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́wọ́ iwájú, wọ́n á so okùn ìpẹja mọ́ ọ̀rá náà, ẹnì kan á fà á láti ẹ̀yìn. Tí aṣọ bá nípọn jù, ọ̀rá á bẹ́ sínú, ẹ̀jẹ̀ á máa kán láti ìsàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ fẹ́ràn apá yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é fúnra wọn.

Ẹni tí ọta bà tó fò sẹ́yìn gba inú fèrèsé kọjá, okùn ló fà á. Àwọn tó wà ní SS2 ti kọ́ òfin kẹta ti Newton. Bí ọta bá lè gbé ẹni tó bà fò, á gbé ẹni tó yìn ín náà fò.

Ibi tí kámẹ́rà dúró sí náà ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó di ìbọn mú, láti ìsàlẹ̀ la ti máa ń yà á, á ga bí ìrókò. Ẹni tí wọ́n na ìbọn sí, láti òkè ni. Lẹ́yìn tí ìbọn bá ti dún, ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta, a ti kúrò lórí ẹni tó ṣubú. Bá a bá dúró tì í, fíìmù á lọ́ra, òǹwòran á yí ojú kúrò. Ohun tá a gé jù nù lórí tábìlì wa ni Ẹ̀gbọ́n ń wí yẹn, ohun tó gbẹ̀yìn ìwà.

Kẹ́ ẹ sì tó fi ìbọn ike sọ́wọ́ ọmọ kankan fún eré, ẹ sọ ti Jon-Erik Hexum fún wọn. Òṣèré Amẹ́ríkà ni. Ní 1984, níbi tí wọ́n ti ń ya eré, ó fi ìbọn tí kò ní ọta, ẹ̀tù àti ìdì bébà ló wà nínú rẹ̀, sí ẹ̀bá orí ara rẹ̀, ó fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Agbára ìdì bébà àti afẹ́fẹ́ gbígbóná tó jáde fọ́ eegun orí rẹ̀, ó kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ ọdún 26.

Olùkọ́ Ìsọ̀kùn

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ohun méjì ló kù tí wọ́n máa ń fi yọ wá lẹ́nu. Wọ́n ní bí ọta bá ba èèyàn léjìká tàbí nítan, kò ṣe nǹkan, ọ̀bẹ gbígbóná àti ògógóró ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Èkejì ni ayẹta. Ta ló máa gbà wá?

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ìbejì (Iléṣà)

"Èjìká ló kàn bà" yẹn burú. Ohun tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá, abẹ́ eegun ọrùn ló gbà kọjá, òun pẹ̀lú ìdì iṣan tó ń darí ọwọ́. Ẹni náà lè yè, kí ọwọ́ náà má lè di síbí mú mọ́. Ti itan tún le jù: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìka ọmọńdinrín. Bó bá já, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lè pa àgbàlagbà. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi lítà márùn-ún lọ. Tí méjì bá ti dànù, ikú ti wọlé. Ẹ gbé ìgò omi onílítà kan ààbọ̀ mẹ́ta àti díẹ̀ kalẹ̀ níwájú wọn kí wọ́n fojú rí i.

Yíyọ ọta: nílé ìwòsàn gan-an, àwọn dókítà máa ń fi ọta sílẹ̀ nínú ara nígbà púpọ̀ bí kò bá wà níbi eléwu, torí wíwá a kiri lè ba nǹkan jẹ́ ju ọta fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀bẹ gbígbóná á tún gé iṣan mìíràn ni.

Irọ́ inú fíìmù tó ń bí mi nínú jù lọ ni ti nọ́ọ̀sì tó ń sọ fún ẹlẹ́jẹ̀ lẹ́nu géètì pé "ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá". Láti 2017 ni òfin àpapọ̀ ti wà pé kí ilé ìwòsàn gba ẹni tí ìbọn bà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, owó wà nílẹ̀ o, kò sí o. Ilé ìwòsàn ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí, láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá gba fíìmù gbọ́ á gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ kẹ́míìsì tó ń ta Panadol. Ẹ kọ èyí sára pátákó gàdàgbà-gàdàgbà.

Ẹ kọ́ wọn ní dídá ẹ̀jẹ̀ dúró, á wúlò fún wọn lójú ọ̀nà pàápàá, torí ọ̀kadà ń já iṣan ju ìbọn lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá ibẹ̀ ti rọ̀, kí ẹni kejì pe 112. Aṣọ mímọ́, ọwọ́ méjèèjì, kí wọ́n fi gbogbo ara tẹ ojú egbò náà mọ́lẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ṣíṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti dá, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i ni ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì á tún tú. Bí aṣọ bá rin gbindin, kí wọ́n gbé òmíràn lé e lórí. Bó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ tó sì ń tú yàà, kí wọ́n fi ọ̀já fífẹ̀ so ó lókè egbò ní nǹkan bí ìka mẹ́ta, kì í ṣe lórí oríkèé, kí wọ́n fi igi yí i le títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, kí wọ́n kọ aago tí wọ́n so ó. Okùn tín-ín-rín kò dára, á gé ẹran ara. Kò gbọdọ̀ mu omi, kò gbọdọ̀ jẹun, torí ó ṣeé ṣe kó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ilé ìwòsàn Wesley Guild ló súnmọ́ yín jù.

Ohun kan ṣoṣo lẹ lè sọ tí wọ́n á fi dákẹ́: ọta tó gba inú ikùn máa ń lu ìfun. Ẹlòmíì máa ń gbé àpò ìgbẹ́ mọ́ ara ikùn fún oṣù púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Akọni fíìmù kankan kò gbé e rí. Ẹ má fi àwòrán egbò hàn wọ́n o. Á di ohun ìṣàkọ, wọ́n á máa bá ara wọn díje ta ni kò ní yí ojú.

Ọmọ Ògún (Iléṣà)

Tíṣà, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ ìbọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì ní ilẹ̀ yìí, fíìmù ló sọ ọ́ di àjèjì.

Ọmọ tó bá ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ, àpò ló ń gbé, ẹran ló ń bó, ẹ̀yìn ọ̀gá ló ń rìn. Ó lè pẹ́ gan-an kó tó fọwọ́ kan ìbọn. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ ni ibi tí ẹnu ìbọn ń kọjú sí. Ẹnu ìbọn kì í wo èèyàn, yálà ó ní nǹkan nínú tàbí kò ní. Ẹni tó bá na ìbọn òfìfo sí ẹgbẹ́ rẹ̀ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀tù kì í bá ìbọn gbé ojú kan, kì í sún mọ́ ààrò, ọmọdé kì í mọ ibi tó wà. Ọdẹ kì í yìn sí ohun tó kàn mira nínú igbó. Iná orí rẹ̀ lè fi ojú méjì hàn án, á ṣì dúró títí yóò fi rí ara ẹran, torí ojú ajá ẹlòmíì náà ń tàn lóru, èèyàn náà sì ń bẹ̀rẹ̀ wá ìgbín. Ẹ fi àwọn òfin yìí wo fíìmù, kẹ́ ẹ kà á mélòó ni akọni tẹ̀ lójú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ṣakabùlà inú fíìmù máa ń yìn lẹ́ẹ̀mẹ́rin láì kì í. Irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń yìn, o di ẹni tó tún ń kì í bí ẹran ti ń sá lọ. Àwọn ìbọn tí wọ́n fi páìpù omi rọ, tí àwọn ọmọ rò pé ó ṣe é mú yangàn, irin rẹ̀ kò gba agbára yẹn. Bó bá bẹ́, ẹ̀yìn ló máa ń bẹ́ sí, ojú àti àwọn ìka ẹni tó dì í mú ló ń kó lọ.

Ní ti ayẹta, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n: àgbà ọdẹ tí gbogbo ìlú ní ó ní ayẹta, ṣé ẹ ti rí i kó dúró síwájú ẹnu ìbọn? Àwọn tó ń dúró ni àwọn tí fíìmù kọ́. Léraléra ni ìwé ìròyìn ti gbé e ní Nàìjíríà yìí pé wọ́n dán an wò, ó pa wọ́n.

Lọ́yà Ìlódè (Ilé-Ifẹ̀)

Kúkúrú ni tèmi. Ẹni tó bá ní ìbọn láìní ìwé àṣẹ, òfin ìdigunjalè àti ohun ìjà sọ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí owó yẹn rín wọn lẹ́rìn-ín, adájọ́ ló ń yàn. Olè tó fi ipá tàbí ìhàlẹ̀ gba nǹkan láì mú ohun ìjà dání, ọdún 21 ó kéré tán. Bí ìbọn bá wà níbẹ̀, ikú ni. Òfin kan náà kò sì ya ẹni tó kàn ràn wọ́n lọ́wọ́ tàbí tó bá wọn pète sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó fà á. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà bá a lò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ní ti yíyan fíìmù, NFVCB, àjọ tí òfin 1993 dá sílẹ̀ láti máa yẹ fíìmù wò, máa ń lẹ àmì mọ́ ọn: G, PG, 12, 12A, 15, 18 àti RE. Pẹ̀lú ọmọ ọdún 13 láàárín wọn, ẹ má kọjá 12A. Èyí tó jẹ́ pé orí YouTube ló bọ́ sí tààrà, nígbà púpọ̀ kò ní àmì kankan lára, ẹ wò ó tán fúnra yín kẹ́ ẹ tó gbé e síwájú ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n Ìrẹ̀mọ

Olùkọ́, ó ku bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é.

Ẹ wá fíìmù kan tí kò ju 90 ìṣẹ́jú lọ, èyí tí wọ́n fẹ́ràn, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ̀yin rò pé ó ní ẹ̀kọ́. Tẹ́ ẹ bá mú fíìmù ẹ̀kọ́ wá, wọ́n á mọ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á fún yín ní ìdáhùn tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́, wọ́n á lọ sílé. Ẹ má pè é ní "ètò ìdojúkọ ìwà ipá" lórí ìwé ìpè. Ẹ pè é ní "Bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù". Àwọn òbí ni kẹ́ ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún.

Sátidé àkọ́kọ́, kí wọ́n kàn máa kà. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ márùn-ún, ẹni márùn-ún-márùn-ún, ìwé kan àti bírò kan fún ọ̀wọ́ kan. Ẹ fa ọ̀wọ̀n mẹ́fà: ìgbà tí ìbọn dún, ẹni tó ṣubú, ẹni tá a tún rí lẹ́yìn tó ṣubú, ẹni tó dé ilé ìwòsàn, ẹni tí wọ́n sin tàbí tí wọ́n sunkún fún, ẹni tó dé ilé ẹjọ́. Ẹ má sọ ohunkóhun nígbà tí fíìmù ń lọ. Bó bá tán, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ka tiwọn. Àwọn òǹkà ò ní bára mu, ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lórí rẹ̀, àríyànjiyàn yẹn gan-an lẹ wá ṣe. Ọ̀wọ̀n méjì àkọ́kọ́ ló máa ń kún. Ẹ má ṣàlàyé ìdí. Ẹ bi wọ́n, "Ibo ni wọ́n lọ?", kẹ́ ẹ sì dákẹ́.

Sátidé kejì, Agéfíìmù tàbí ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà ló ni ọjọ́. Ọ̀rá ẹ̀jẹ̀, àti ohùn: ẹ fi ibi kan náà hàn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan péré, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú orin, lẹ́ẹ̀kan láìsí orin. Ẹ̀rù á bà wọ́n ní èkejì, tàbí kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Méjèèjì dára. Bó bá jẹ́ ẹ̀rín ni, ẹ má bá wọn wí, ọmọ ọdún 15 a máa fi ẹ̀rín bo ojora.

Sátidé kẹta ni ti Nọ́ọ̀sì àti Bàbá Ọdẹ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ padà sí fíìmù àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ dá a dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré: kí ìbọn tó jáde, ìgbà tí wọ́n na ìbọn, àti kété tí ẹni náà ṣubú. Níbi àkọ́kọ́, ẹ bi wọ́n, "Kí ni ẹni yìí tún lè ṣe?" Kí wọ́n dá ohun mẹ́ta ó kéré tán. Níbi kejì, "Kí ló ń bà á lẹ́rù?" Níbi kẹta, kí wọ́n kọ ìṣẹ́jú márùn-ún tó tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n gé jù nù. Ẹ̀yìn náà kí wọ́n ṣe é bí eré. Tẹ́ ẹ bá dá a dúró ju ìgbà mẹ́ta lọ, inú á bí wọn, wọ́n á kàn fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Àwọn àbúrò wọn tó máa tẹ̀ lé wọn wá, ẹ ní yàrá mìíràn fún wọn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 kò tíì lè ya eré sọ́tọ̀ kúrò lára òótọ́ dáadáa, gbogbo àlàyé yín kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwòrán nìkan ni yóò mú relé.

Agéfíìmù Lágeré

Fún fóònù àwọn kékeré yẹn: ẹ ṣí YouTube, ẹ tẹ àwòrán ara yín, ẹ wọ Settings, ẹ wọ General, ẹ tan Restricted Mode. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e jù. Àkọlé àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ fíìmù wà lára ohun tó ń yẹ̀ wò, fíìmù Yorùbá tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ orúkọ èèyàn lásán lè gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹ sì rántí jẹ́nẹ́rétọ̀. Ẹ gbé e sí ìta tó jìnnà sí fèrèsé, afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ ò ní òórùn tó ń kìlọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìyá Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọ̀wọ̀n keje kún ìwé yẹn: ta ló fọ ilẹ̀?

Olùkọ́ Ìsọ̀kùn

A ti fi kún un, Ìyá. Ìwé náà ti wá fẹ̀ ju bébà lọ, ìdùbúlẹ̀ la máa tẹ̀ ẹ́.